Bàbá Tó Sọ Ẹrù Orí Àlùbọ́sà Kalẹ̀

Pé kí èmi kúnlẹ̀? Kí n kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ níwájú gbogbo jàmáà, kí n sọ pé irọ́ ni mo pa? Irọ́ wo? Ta ló pa á? Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Àdúà ọjọ́ kẹjọ Bàbá wa ni, Bàbá tó bí bàbá mi, nínú ọgbà ilé wa níbí ní àdúgbò Dougouba, nílùú Bouaké. Alùfáà gba míkírò. Alùfáà yìí, ọ̀rẹ́ Bàbá ni, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan ni, torí náà mo jókòó jẹ́ẹ́. Ni Alùfáà bá ní: "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi lágídí láyé. Ọdún méje la fi jiyàn. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó gbà fún mi. Etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ. Ó ní òun ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Gbogbo èèyàn ní "Àmín." Èmi ní "Irọ́!"

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú mi. Àwọn tó ń bu ìrẹsì gan-an dúró, ṣíbí wà lókè. Mọ́gàjí ẹbí wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá dìde, ó ní ọmọ tó bá pe àgbà lópùrọ́ lójú àdúà, àfi kó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìyẹn ni pé kí n fẹnu ara mi sọ pé Bàbá gbà. Tí mo bá sì sọ ọ́, bó ṣe máa wà nìyẹn títí ayé: Bàbá alálùbọ́sà jiyàn, ó jiyàn, ó fìdí rẹmi. Bàbá ò gbà! Èmi ni mo wà níbẹ̀!

Ó dáa. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ìyàwó. Àlùbọ́sà ni. Kì í ṣe èyí tí à ń jẹ, orúkọ rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán.

Ọjà ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti mọ̀ láti ilé kéwú pé "básálì" ni Lárúbáwá ń pe àlùbọ́sà. Ìyẹn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọjọ́ kan ni pásítọ̀ kan wá rajà, ọmọ ẹ̀yà Baoulé, àdúgbò Belleville níbí ló ń gbé, ẹni tó kọ́ èdè Hébérù àtijọ́ nílé ìwé àwọn pásítọ̀. Ó kàn ń bá Bàbá ṣeré ni, ó ní: "Le vieux, bàbá àgbà, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn Júù àtijọ́ ń pe nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń tà yìí? Bátsálì." Àwo ìwọ̀n wà lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n jù ú sílẹ̀. Àlùbọ́sà yí lọ sábẹ́ tábìlì ìyá ẹlẹ́ja, ó yí lọ sójú títì, ọlọ́kadà kan gun orí méjì nínú ẹ̀. Bàbá ò wo ibẹ̀. Wọ́n di apá pásítọ̀ mú, wọ́n ní "Tún un pè." Pásítọ̀ tún un pè. "Tún un pè." Ìgbà mẹ́rin. Ẹ̀rù ti ń ba ọmọlúàbí náà. Èmi wà lábẹ́ tábìlì, mò ń ṣa àlùbọ́sà, mò ń bínú, mo ní Bàbá, ẹ fi pásítọ̀ oníbàárà wa sílẹ̀ kó lọ se ọbẹ̀ ẹ̀! Bàbá ní: "Tó o bá pàdé ìbejì lójú ọ̀nà, o ò ní béèrè ìyá wọn?"

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ra kàyé, ìwé ìkọ̀wé olójú ewé igba. Èmi ni mò ń wá ọ̀rọ̀ lórí pọ́tábù, fóònù mi, torí àtàǹpàkò Bàbá tóbi ju lẹ́tà lọ, wọ́n á tẹ ẹyọ kan, mẹ́ta á jáde. Mi ò parí ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí níwèé ẹ̀rí. Ohun tí mo mọ̀, orí àpò àlùbọ́sà ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí mo mọ̀ nìyí: Lárúbáwá, Hébérù, àti èdè àtijọ́ tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì Etiópíà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá yẹn ti kú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀, kò sí fọ́tò ẹ̀. Ojú àwọn ọmọ lèèyàn á máa wò, á sì máa fi fojú inú ya ojú ìyá. Imú yìí wà lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á jẹ́ pé imú ìyá ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá fẹ́ mọ̀ láti ẹnu ìyá yẹn: báwo ló ṣe ń pe àlùbọ́sà?

Ẹlẹ́rìí ni Bàbá ń pe àwọn èdè náà. Wọ́n á jókòó bí adájọ́. "Pe ẹlẹ́rìí kejì." Mo bá wọn rí erékùṣù kan tó ń jẹ́ Málítà, tí wọ́n ń pe àlùbọ́sà ní "básílà" níbẹ̀, inú mi dùn, ẹlẹ́rìí tuntun! Bàbá bi mí pé níbo làwọn yẹn ti rí èdè wọn. Mo kà á síwájú, mo rí i pé látọ̀dọ̀ Lárúbáwá náà ni. Bàbá lù ú pa: "Ẹlẹ́rìí kan náà ni, ó kàn lọ pààrọ̀ fìlà wá." Ọjọ́ tí mo wá rí i pé àwọn ará Etiópíà tòní ń pè é ní "ṣínkúrùtì", mo rò pé ìgbẹ́jọ́ ti dàrú. Bàbá ò mi. Wọ́n ní: "Kó o kọ ọ́ pé ọmọ yìí ti gba orúkọ mìíràn nílé ọkọ."

Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ló wá fa ìjà. "S" Lárúbáwá wúwo, bí ẹni pé òkúta wà lábẹ́ ahọ́n. Hébérù ní "ts". Ti Etiópíà àtijọ́, "ts" ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ lẹ́nu bí igi gbígbẹ. Èwo ni ti ìyá? Bàbá ní èyí tó ń ṣẹ́ ni, torí ọmọ kì í fẹnu ara ẹ̀ wá wàhálà, èyí tó le ló máa ń rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ ò ní gbàgbọ́, mo rí i lórí pọ́tábù pé àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ńlá sọ ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n kàn sọ ọ́, wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn. Ni wọ́n bá ń fi kọ́ra. Láti àárọ̀ dalẹ́, lórí ìjókòó wọn lọ́jà: "Ts! Ts! Ba-ts! Ts!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Bouaké, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ẹni tó bá pòṣé sí èèyàn ní ìlú yìí, ó ti bú u tìyá-tìyá. Màmá ẹ̀yà Dioula kan dúró, ó ń yan àlùbọ́sà, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní "Ts!" Ó gbójú sókè. Bàbá ò tiẹ̀ rí i, wọ́n dijú, wọ́n ń wá ìyá. "Ts!" Màmá sọ àlùbọ́sà kalẹ̀, ó fi gèlè gba ìbàdí, ó ní: "Le vieux, tu me tchipes? Èmi lò ń pòṣé sí, ìwọ Anago yìí?" Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Mo fò jáde. Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin o, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ó ní ọ̀rọ̀ wo ni àgbàlagbà ń fi òṣé wá? Èmi náà gbaná, mo fún un lésì, ó fún mi lésì, èrò pé jọ. Bàbá lajú, wọ́n rí èrò, wọ́n ní kí ló dé? Wọ́n wá bẹ màmá náà, wọ́n fi orí àlùbọ́sà mẹ́ta ṣe ẹ̀bùn fún un, wọ́n sì ní: "Má bínú, ọmọ mi. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí ìyá ńlá rẹ." Màmá náà sá. Kò gba ẹ̀bùn.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí pásítọ̀ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá á fẹsẹ̀ rìn láti Dougouba lọ sí Belleville, kàyé lábẹ́ apá. Àwọn aládùúgbò rí i. Àgbà mùsùlùmí, ilé pásítọ̀, ọjọ́ Sọ́ńdè. Ṣé ẹ rí ibi tó ń lọ. Ni Alùfáà bá wá sílé wa, ojú wọn pọ́n.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé o ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Àlùbọ́sà ni mò ń bá lọ."

"Àlùbọ́sà wo ló wà nílé pásítọ̀ tí kò sí lọ́jà?"

Bàbá ṣí kàyé, wọ́n ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ní Lárúbáwá kọ́ ni ìyá o, ọmọ bíi ti àwọn yòókù ni. Hà! Alùfáà dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Wọ́n ní èdè Lárúbáwá ni ìyá gbogbo èdè, òun ni wọ́n ń sọ ní àlùjánnà, alálùbọ́sà wo ló máa wá sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n àbúrò àwọn kan? Bàbá ní àwọn ò bú u, ẹni tó níyì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó níyì náà, wọ́n bí i ni. Ọdún méje nìyẹn. Wọ́n á jà láago mẹ́rin, wọ́n á jẹun láago márùn-ún. Bí ẹran bá kù kan, Bàbá á tì í sí ẹ̀gbẹ́ àwo Alùfáà, wọ́n á ní: "Jẹ ẹ́, kó o lè rí agbára fi ṣìnà lọ́la."

Ẹ má rò pé Bàbá ò ṣìnà rí. Àṣìṣe ńlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú. Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta wà nínú kàyé, Bàbá sì fi ẹlẹ́rìí kẹrin kún un: Yorùbá. Àlùbọ́sà! Ẹ gbọ́ ọ ná: bátsálì, básálì, àlùbọ́sà. Ó jọra tàbí kò jọra? Bàbá ní a wà nínú ẹbí. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìyá sílẹ̀, "àlùbátsálù", wọ́n pariwo ẹ̀ fún gbogbo ìyẹ̀wù, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ ilé. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo rí i lórí pọ́tábù, ẹ sì mọ ẹnu mi, mo kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Bàbá, a ò sí nínú ẹbí. Àwọn Hausa ló kó o wá fún wa látọ̀dọ̀ Lárúbáwá. Àlejò lọ̀rọ̀ wa, kì í ṣe ọmọ."

Ẹ ò rí ojú wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá Bàbá, Gáná ni wọ́n ti bí Bàbá, ọdún 1969 tí wọ́n lé wọn ní Gáná ni wọ́n di ẹrù wá síbí, síbẹ̀ títí di òní Anago ni wọ́n ń pè wá. Bàbá pa kàyé dé. Wọ́n ní: "Wọ́n lé mi ní Gáná. Ìwọ wá lé àlùbọ́sà mi nínú ẹbí."

Ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ omi, ìkòkò ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n pè mí.

"'Àlù' tó wà níwájú ẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní "al" Lárúbáwá ni, bí ìgbà tá a bá sọ pé "náà". Bàbá ronú.

"Tí mo bá sọ pé 'àlùbọ́sà náà', á jẹ́ pé mo ti sọ 'náà' lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ẹrù ni! Ó gbé ẹrù lé orí láti ilé Lárúbáwá, ó gba inú aṣálẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Hausa, ó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹnì kan tó ní "ẹ kú ẹrù, ẹ jẹ́ ká bá yín sọ̀ ọ́"! Láti ọjọ́ yẹn, bọ́sà ni Bàbá ń ta. "Bọ́sà kílò kan, ẹ wá ra bọ́sà." Tí mo bá wá ní, ṣùgbọ́n Bàbá, àlejò ṣì ni o, wọ́n á ní: "Wọn ò bí i sílé yìí lóòótọ́. Ọbẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ sè láìsí i?"

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n ń sọ ẹrù gbogbo ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Àlàáfíà di "áfíà", àlùbáríkà di "báríkà". Wọ́n wo Alùfáà lójú, wọ́n ní "Fáà, ìwọ náà, ẹrù ń bẹ lórí ẹ." (Mo wá ìyẹn lórí pọ́tábù, kò dá mi lójú, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún wọn, mo ti kọ́gbọ́n.) Ọ̀rọ̀ tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni àlùmọ́gàjí tá a fi ń gé nǹkan. Ẹ ti mọ ohun tó máa kù tẹ́ ẹ bá yọ àlù kúrò. Lọ́dún tó kọjá, Mọ́gàjí ẹbí wa, èyí tó ní kí n kúnlẹ̀ yìí náà, ó wá kí wa, ó jókòó sí ìyẹ̀wù, ó ń jẹun. Bàbá wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àpò tuntun, ni wọ́n bá lọgun pè mí: "Rafi! Mú mọ́gàjí wá, kí n fi gé okùn yìí!" Mọ́gàjí dá òkèlè dúró. "Èyí tó ti dógùn-ún yẹn! Tí ẹnu ẹ̀ kì í pa dé dáadáa! Ta epo sí i lẹ́nu kó o tó mú un wá!" Mọ́gàjí ti ń ká báàgì. Ó ní òun ò rin ọ̀nà jíjìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n lè máa bú òun. Bàbá sáré wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un nítorí oyè, wọ́n bẹ̀ ẹ́: "Àbúrò mi, má bínú, àlù ẹ ni mo gbàgbé." Mọ́gàjí ò lóye títí dòní. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ yẹn ló fi ń dájọ́ fún mi.

Ó wá ku ohun kan tí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ "Àmín" ò mọ̀. Àpótí pákó kan wà lábẹ́ ibùsùn Bàbá, àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n rù kúrò ní Gáná. Wọn ò tú u rí. Àádọ́ta ọdún ó lé! Wọ́n bímọ síbí, wọ́n sin ìyàwó síbí, àpótí wà ní dídì. Nígbà tí ogun dé ìlú yìí, wọ́n fà á sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e lórí. Tá a bá ní kí wọ́n tú u, wọ́n á ní ẹni tí wọ́n lé rí kì í bọ́ bàtà sùn. Oṣù tí wọ́n máa kú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí: "Rafi, kan ìṣó mọ́ ògiri." Mo kàn án. Wọ́n ní kí n fa àpótí jáde. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Àwo ìdin-nǹkan kan, àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́, bàtà ẹsẹ̀ òsì, agbádá méjì tó ń rùn fún kánfọ̀. Ìyẹn la ti ń ṣọ́ láti àádọ́ta ọdún! Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, àyà ń dùn wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fi agbádá kọ́ ìṣó. Mo fi àwo ìdin-nǹkan yẹn din bọ́sà, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá wo ògiri títí, wọ́n ní: "Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni Alùfáà yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Iyàn wa?" Alùfáà di ọwọ́ wọn mú, omi dé ojú wọn. "Alihamudulilai! Mo mọ̀ pé wàá gbà!"

Mo yanu. Bàbá fi ojú kan dá mi lẹ́kun. Nígbà tí Alùfáà lọ, mo gbaná, mo ní ẹ ò sọ fún wọn! Bàbá ní: "Má dá a lóhùn lónìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó sinmi."

"Lónìí" ni Bàbá sọ, wọn ò ní títí láé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lónìí. Ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe lónìí yẹn mọ́.

Mo ti rò ó. Màá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, torí àgbà ni Alùfáà, Bàbá náà dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí tó kéré sí wọn. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ló máa kúnlẹ̀, ẹnu mi á wà ní ìdúró. Àpótí ni màá ròyìn, kálukú á sì mọ ẹrù tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí mo tiẹ̀ fẹ́ sọ gan-an nìyí, ó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo wà lórí ìjókòó Bàbá lọ́jà. Alùfáà dé. Mi ò kí wọn dáadáa, àwọn náà ò wo ojú mi. Wọ́n na owó, wọ́n ń wo ìyá ẹlẹ́ja, wọ́n ní: "Fún mi ní bọ́sà kílò kan."

Bọ́sà! Ọdún méje, wọn ò pè é bẹ́ẹ̀ rí! Ìyá ẹlẹ́ja fọwọ́ bo ẹnu. Alùfáà fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní àlùbọ́sà ló ń ta àwọn lójú, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì gé ẹyọ kan. Mo wọ̀n ọ́n fún wọn, mo fi orí kan ṣe ènì. Wọ́n gbà á, wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n padà, wọ́n rọra sọ sí mi létí: "Rafiatu, ẹnu mi ló yọ̀. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní "Ó dáa, sà."

Ẹ wo ojú mi. Ẹ̀yin náà, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dákẹ́?